Ìdọ̀tí Tí Alábẹ Kó Pamọ́

Alábẹ kì í ṣe onígbàjámọ̀ o, kò sì fá orí ẹnikẹ́ni rí. Fídíò ló ń gé. Bí ẹ bá ṣe ìgbéyàwó, bí ẹ bá ṣílé, bí ẹ bá sìnkú àgbà, tí ọkọ rẹ̀ bá ti fi kámẹ́rà ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tán, òun ló máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí yóò mú irinṣẹ́ kan tí wọ́n yà bí abẹ ìfárí sójú rẹ̀, tí yóò máa fi gé ohun tí kò yẹ kí ojú rí. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó ń ta eyín. Àbúrò ọkọ tó ń yọ́ ẹran sínú báàgì. Ẹsẹ̀ onífídíò fúnra rẹ̀, tó ń rìn lórí sìmẹ́ǹtì nítorí pé ó gbàgbé láti pa kámẹ́rà. Orúkọ yẹn wá mọ́ ọn lára débi pé àwọn tó ń gbéṣẹ́ wá fún un ò mọ òmíràn tó ń jẹ́. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Ìyá Ìbejì, nítorí àwọn ìbejì wọn tó wà nílé ẹ̀kọ́ ní ìlú mìíràn.

Iṣẹ́ yìí ló sọ ọ́ di ẹni tó ń fura sí gbogbo ayé, àbí ìfura ló gbé e dédìí iṣẹ́ náà, èmi ò lè sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tó bá ti wo fídíò ìgbéyàwó tán, á ti mọ̀ pé ìyá ọkọ ò fẹ́ràn ìyàwó, á ti mọ àwọn tó bára wọn jà kí wọ́n tó jáde nílé. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ayé, kó má wo ohun tí wọ́n fi hàn án, ohun tí wọ́n gé kúrò ni kó lọ wò. "Ìfura loògùn àgbà," ni yóò fi dé e. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oògùn tí èèyàn ń mu láàárọ̀, tó ń mu lọ́sàn-án, tó tún ń mu kó tó sùn, ṣé kò ní di àìsàn sí i lára ni?

Bàbá Ìbejì ló ń gbé kámẹ́rà. Àdéhùn wọn látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ọkọ ò gbọdọ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ìyàwó ò gbọdọ̀ gbé kámẹ́rà. "Èmi ni mò ń rí i, ìwọ lò ń gé e," ni Bàbá Ìbejì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kámẹ́rà náà ti dàgbà. Ibi tó máa ń fúnra rẹ̀ mú àwòrán mọ́ lára rẹ̀ ti kú tipẹ́, ọwọ́ ni ọkùnrin náà fi ń yí ojú rẹ̀ títí àwòrán á fi mọ́ kedere, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yí bíi tirẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Tí ọwọ́ bá gbọ̀n, tàbí tí kámẹ́rà bá ṣìnà lọ síbi tí kò yẹ, Alábẹ á gé e, ayé ò ní mọ̀. Kì í ṣe pé wọn kì í jà lórí rẹ̀ o. Gbogbo ibi tí ìyàwó bá gé ni ọkọ ń dùn sí. Á dúró lẹ́yìn àga, á ní, "Èwo lo tún gé yìí? Mo jìyà kí n tó rí ìyẹn yà o." Ìjà tó dùn ni, ìjà ẹni méjì tó fẹ́ràn ara wọn, tí wọ́n sì fẹ́ràn iṣẹ́ wọn.

Ìgbéyàwó kan lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ àti ìyàwó fẹ́ fi òrùka sọ́wọ́ ara wọn, gbogbo èèyàn ń na ọrùn, ni àwòrán bá ṣàdédé rí bàìbàì. Kámẹ́rà fi tọkọtaya sílẹ̀, ó yí sápá ògiri, ó dúró sórí obìnrin kan. Oníyẹ́lò ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Òun ló ń ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́ kí àlejò tó dé, épírọ́ọ̀nù yẹ́lò ló sì máa ń wọ̀ síbi iṣẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè tètè rí i láàárín èrò. Kámẹ́rà wò ó, ó wò ó, títí àwòrán fi mọ́ kedere, kó tó padà sọ́dọ̀ tọkọtaya. Òrùka ti wọlé. Alábẹ rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú kì í kúkú rí arẹwà kó má kì í. Ó mú abẹ, ó gé e, ó tẹ díléètì, ó fi àwòrán ìyá ìyàwó tó ń nu omi ojú dí àlàfo náà, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀ níbi ìsìnkú, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ń gbé pósí wọlé, kámẹ́rà tún ń wo Oníyẹ́lò. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ níbi ìṣílé, ó yọ yíápíìsì létí, ó jókòó, ó ń wo ògiri. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti tẹ díléètì mọ́. Ó ṣí fódà kan sínú kọ̀ǹpútà, ó pè é ní Ìdọ̀tí, ibẹ̀ ló sì ń kó gbogbo ibi tí ojú kámẹ́rà ọkọ rẹ̀ bá ti ṣáko lọ sí.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ó béèrè. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́, ó wá sọ ọ́ bí ẹni tí ń ṣeré pé kámẹ́rà yìí mà ń rìn gbéregbère lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Bàbá Ìbejì gbé ṣíbí sílẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀.

"Àṣìṣe ni," ló sọ. "Ìwọ ṣáà máa gé e."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o. Ọkùnrin tó máa ń torí gígé jà, òun ló ń sọ pé kí wọ́n ṣáà máa gé e. Alábẹ gbé omi mu kí ọkọ má baà rí ojú rẹ̀.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí; Alábẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi tirẹ̀ ṣọ́ ọkọ. Kí ni kò rí? Bàbá Ìbejì pa alùpùpù rẹ̀ tì, ó ní ó ń yọ òun lẹ́nu. Alábẹ dúró títí ọkọ fi jáde, ó gun orí rẹ̀, ó ta á, ẹ̀ẹ̀kan péré ló dáhùn. Ta ló wá ń gbé e wálé lẹ́yìn òde? Oníyẹ́lò ni. Ọkọ̀ ìkẹ́rù tó fi ń kó àga àti aṣọ ọ̀ṣọ́ ló máa ń já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, obìnrin náà á sì dì í lápá mú sọ̀kalẹ̀ bí ẹni sọ ẹyin kalẹ̀. Alábẹ ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Tí Bàbá Ìbejì bá gbé fóònù, ojú ló ń gbé e lé, á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kàn án. Ta ni kò ní sọ pé ohun tó wà níbẹ̀ ni kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí? Ó bu omi, ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Alábẹ ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wà nílé kì í da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Èyí tó dùn ún jù ni ti ọjọ́ tí wọ́n pàdé lójú títì. Ó ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ ra ìwé tí wọ́n fi ń di páálí fídíò, ó rí ọkọ rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó rẹ́rìn-ín sí i. Ọkùnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò tilẹ̀ yíjú. Alábẹ dúró sójú títì pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, alùpùpù sì ń fọn fèrè mọ́ ọn.

Ó sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ò ju yàrá kan lọ, ara ilé ni wọ́n ti yọ ọ́, kọ́tìnnì dúdú bo fèrèsé rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà ba ojú kọ̀ǹpútà jẹ́, fáànù rẹ̀ sì máa ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn. Ibẹ̀ ló jókòó sí, tó rò ó títí. Tó bá jẹ́ òótọ́, kò ní gbà. Á kó ẹrù rẹ̀, á gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, á lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ilé á tú, iṣẹ́ á tú, àwọn ìbejì á gba ìsinmi dé, wọn ò ní mọ ilé tí wọ́n á wọ̀. Kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ òótọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ débi pé inú ń bí i sí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ohun tí òun sì ń rí ló wà nínú fódà.

Ló bá gbéra lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tó tọ́ Bàbá Ìbejì dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ẹni tí ń pariwo. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, ó ní òun ò lè fi ẹnu lásán dá ẹjọ́ tọkọtaya, pé kí ìyàwó mú ohun tó rí wá lọ́jọ́ Àìkú, kí òun fi ojú ara òun rí i níwájú ọkọ.

Bí Alábẹ ṣe padà sídìí kọ̀ǹpútà nìyẹn, láti ṣe fídíò tí ẹnì kan ò gbé fún un. Ó to gbogbo ohun tó wà nínú fódà Ìdọ̀tí sórí ìlà kan, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ó sì ń wò ó lọ. Oníyẹ́lò pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Àga oníke kan wà níbẹ̀. Agbòòrùn kan wà níbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kan tí wọ́n fi pọn omi síbi ìsìnkú wà níbẹ̀. Alábẹ pòṣé. Ó ní èyí kúrò lọ́rọ̀, ìdọ̀tí inú ìdọ̀tí ni. Ó gé wọn, ó sì tì wọ́n lọ sí ìparí ìlà náà lọ́hùn-ún, lẹ́yìn òfìfo gígùn kan, bó ṣe máa ń ṣe sí ohun tí kò tíì pinnu láti sọnù. Ibi tí àwòrán ti ń ṣú bàìbàì kó tó mọ́, ó gé ìyẹn náà síbẹ̀, nítorí kí ni bàìbàì fẹ́ jẹ́rìí sí? Oníyẹ́lò nìkan ló kù. Oníyẹ́lò ń gbé òdòdó, Oníyẹ́lò ń na tábìlì, Oníyẹ́lò ń rẹ́rìn-ín, gbogbo rẹ̀ ń dán gbinrin. Láti ọjọ́ tó ti ń gé fídíò, kò gé èyí tó mọ́ tó o rí. Ó dà á sórí díráìfù kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ó fi sínú àpamọ́wọ́. Inú ń bí i púpọ̀, kò rántí wò ó dé òpin.

Ọjọ́ Àìkú pé. Ẹ̀gbọ́n ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀ sílẹ̀, ó jókòó sórí àga rẹ̀. Bàbá Ìbejì wọlé, ó fi orúnkún kọ tábìlì àárín, ó bẹ tábìlì bí ẹni bẹ èèyàn, ó sì lọ jókòó síbi tó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n jù lọ. Alábẹ rí i, ó ní nínú ara rẹ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Kò tíì fi fídíò sí i tó fi dìde dúró níwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì," ló sọ, "mo ti mọ ohun tí ẹ̀ ń fi pa mọ́ fún mi."

Ọkùnrin náà ò jiyàn. Ẹ wò ó, ì bá tilẹ̀ jiyàn díẹ̀. Ó dorí kodò, ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú.

"Mo mọ̀ pé o máa mọ̀," ló wí. "Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ọ."

Alábẹ jókòó. Ó ti ń wá ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ yìí, nígbà tó wá rí i, kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi fídíò sí i. Gbogbo wọn ń wò ó. Oníyẹ́lò ń gbé òdòdó, Oníyẹ́lò ń na tábìlì. Bàbá Ìbejì na ọrùn síwájú, ó fún ojú pọ̀, ó tún fún un pọ̀. Fídíò dé òpin, tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn, Alábẹ sì bú sẹ́kún. Ó ń sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, alùpùpù tó ta tó dáhùn, fóònù, ojú títì tí wọ́n ti fi òun sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ó ní òun máa kó ẹrù òun kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá Ìbejì gbójú sókè, ó ń wá ibi tí ohùn náà ti ń wá, ó ní ẹrù kẹ̀? Ẹrù kí ni? Kò sì sẹ́ni tó rántí pa tẹlifíṣọ̀n.

Òfìfo parí, àwòrán tún yọ. Ó ṣú bàìbàì, ó gbọ̀n, ó yí kúrò lórí pósí, ó wá nǹkan kiri títí ó fi dé orí kẹ́ẹ̀gì kan. Ó dúró síbẹ̀. Ó mọ́ kedere. Ó padà sórí pósí. Lẹ́yìn náà àga oníke, bákan náà. Lẹ́yìn náà agbòòrùn. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò, àga yẹ́lò, agbòòrùn yẹ́lò, bàìbàì kó tó dé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kedere lẹ́yìn rẹ̀. Alábẹ nu omi ojú rẹ̀. Ó ti rí i báyìí.

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí i. Kò pariwo.

"Ìyàwó wa," ló wí, "kẹ́ẹ̀gì yìí ńkọ́? Ṣé àlè rẹ̀ lòun náà?"

Bàbá Ìbejì ló wá ń bi wọ́n pé àlè wo, pé kí ni wọ́n ń wò gan-an, nítorí òun ò rí i dáadáa láti ibi tí òun wà. Ibi tó wà, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tẹlifíṣọ̀n. Bó ṣe jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ó ní ojú òun ti ń kú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, bí ìgbà tí èèyàn ń ti ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀. Tí òun bá fẹ́ yí kámẹ́rà kó mọ́, òun ò rí ojú èèyàn yí i sí mọ́, yẹ́lò nìkan ló ń hàn sí òun, òun á lọ wá yẹ́lò, òun á yí i síbẹ̀, òun á padà. Oníyẹ́lò ló kọ́kọ́ fura, nígbà tí òun fẹ́ gun alùpùpù wọ inú kòtò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Òun bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ wo ni onífídíò tí kò ríran fẹ́ ṣe?

Alábẹ bi í pé kí ló dé tó rò pé òun ò ní mọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ òun ni gbogbo fídíò ń bọ̀.

"Mo mọ̀ pé o máa gé e," ni Bàbá Ìbejì sọ. "O ti máa ń bò mí."

Dókítà ojú ò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní omi inú ojú ló ń tì í láti inú, ó sì ti pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ. Ojú ọ̀tún ti lọ, kò sóògùn rẹ̀. Ti òsì ṣì ní díẹ̀, tó bá ń kán oògùn sí i lójoojúmọ́, ó lè bá a dọ́jọ́ alẹ́. Ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ká ní wọ́n ti tètè wá ni, méjèèjì ni òun ì bá gbà là. Bàbá Ìbejì ní òun ò rántí. Alábẹ rántí. Ọjọ́ òrùka ni. Òun ló rí i kí dókítà tó rí i, kí ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ tó gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó gé e, ó tẹ díléètì. Èyí tó tẹ̀ lé e, ó kó o pamọ́, ó sì ń ṣọ́ obìnrin. Kò lè sọ ọ́ fún dókítà.

Ó lọ bẹ Oníyẹ́lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Oníyẹ́lò ò mọ̀ pé ẹnì kan ti ń kó òun sínú fódà. Nígbà tó gbọ́ ọ, obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú, ó wá sunkún.

Òde kan ṣì wà tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀, ìṣílé ni. Bàbá Ìbejì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé kámẹ́rà lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Ìbejì lè máa gbé e. Alábẹ kórìíra yẹ́lò láti kékeré, ó ní àwọ̀ ọlọ́ràn ni. Ó lọ ra búláòsì yẹ́lò, ó ra gèlè yẹ́lò, ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ. Ibi tí onílé bá ti fẹ́ ṣe ohun tó ṣe pàtàkì ló ń lọ dúró sí, kí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lè rí ibi yí kámẹ́rà sí, kó má sì jìnnà sóhun tó yẹ kó yà. Àwọn àlejò rò pé òun ló ni ilé.

Nígbà tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti gé e, ara rẹ̀ ló ń rí. Bàìbàì kan á wá, yẹ́lò kan á yọ nínú rẹ̀, á di gèlè, á di ojú rẹ̀, àwòrán á sì mọ́ kedere. Ó ti mọ́, kámẹ́rà ò sì tètè padà. Ó ń wò ó, ó ṣì ń wò ó, onílé ń gé ríbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Alábẹ mú abẹ, ó gbé e dé ibi tí bàìbàì ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò ṣe é.

Nígbà tí fídíò dé ọ̀dọ̀ onílé, ó pè. Ó ní iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ta ni obìnrin oníyẹ́lò yìí tó kún inú fídíò òun fọ́fọ́, ṣé wọn ò lè bá òun gé e kúrò?

"Ìyàwó onífídíò ni," ni Alábẹ dá a lóhùn. "Mi ò ní gé e."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì lọ kán oògùn sí ojú òsì ọkọ rẹ̀.